ÌKA YÍN NI ẸLẸ́RÌÍ YÍN: Ẹ MÁ FI Í SÍLẸ̀ LÓUN NÌKAN

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó sọ. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún ẹ̀yin tí ẹ wà lóko tàbí lábúlé lọ́jọ́ náà.

   

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń sọ bí ẹ bá ti gbọ́ gbohùngbohùn ẹgbẹ́ òṣèlú níta: “Wọ́n tún ti dé o. Ẹ gbé abọ́ jáde, bóyá ìrẹsì ni wọ́n kó wá.” Rárá o. Èmi kò kó ìrẹsì wá. Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ náà sì ju ìrẹsì lọ. Ìrẹsì, ọjọ́ kan la fi ń jẹ ẹ́. Ohun tí àtàǹpàkò bá tẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko la ó fi jẹ ẹ́, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún yín sókè, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀? Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ní irú rẹ̀. Àwọn ìbejì tó jọra bí imú ti jọra pàápàá, ìlà ìka Táíwò yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Èmi náà fi kún un pé ìka kò jọra.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń ní kó tẹ̀ka. Akọ̀wé á fa ìwé yọ, á gbé yíǹkì kalẹ̀, bàbá olóko kòkó á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbi tí wọ́n bá fi hàn án, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n kọ sókè ibẹ̀. Oko mélòó ló ti bá irú ìtẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lọ! Lónìí ayé ti yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀ka, adájọ́ ń tẹ̀ka, gómìnà ń tẹ̀ka. Láti ọdún 2014 tí báǹkì àpapọ̀ ti gbé BVN dé, ìka la fi ń dá oníbàárà mọ̀ ní báǹkì. Bí o bá fẹ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ìka ni. Láti ìparí ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so síìmù fóònù mọ́ NIN, fóònù tó wà lápò rẹ náà ti di ọ̀rọ̀ ìka. Níbi iṣẹ́ ìjọba, ìka. Ní ibùdó ìdìbò, ìka.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò le, kì í sì í ṣe awo. Lọ́jọ́ tí o bá forúkọ sílẹ̀, á ya àwòrán ìlà ìka rẹ, á tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá padà wá, á ní kí o tún gbé ìka lé e, á sì fi tòní wé tàná. Bí wọ́n bá bára mu, á ní ìwọ ni. Bí wọn kò bá bára mu, á ní òun kò mọ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, torí mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Wọn kò tíì bí mi lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó dàgbà ní Àkúrẹ́ tí wọn kò sọ ìtàn náà fún. Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, a dìbò gómìnà. Olóyè Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN ló wà lórí àga. Olóyè Akin Ọmọ́bòríowó, tó ti ṣe igbákejì rẹ̀ rí, ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ NPN láti bá a dù ú. Nígbà tí àjọ FEDECO kéde pé Ọmọ́bòríowó ló wọlé, ìlú gbiná. Ilé jó, ọkọ̀ jó, ẹ̀mí ṣòfò. Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, ọkùnrin tó ń tẹ ìwé jáde ní Àkúrẹ́ níbí, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ilé-ẹjọ́ yẹ àwọn ìwé èsì wò, wọ́n ní Ajásin ló wọlé, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ wa sì fọwọ́ sí i. Òtítọ́ jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó kú kò jí.

Kí ló fa gbogbo rẹ̀? Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn jókòó sílé. Wọ́n jáde, wọ́n tò sínú oòrùn, wọ́n dìbò. Iye tí wọ́n kà ní ibùdó ni kò bá iye tí wọ́n kéde mu.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọdún 2007. Ìyẹn ṣojú èmi náà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin, a dìbò gómìnà. INEC kéde Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgú ti ẹgbẹ́ PDP. Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ Oǹdó, tó dije lórúkọ ẹgbẹ́ Labour, gba ilé-ẹjọ́ lọ. Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ mú àwọn onímọ̀ ìtẹ̀ka dání, kódà wọ́n mú ọ̀kan wá láti ìlú òyìnbó. Àwọn wọ̀nyí yẹ àwọn ìwé ìdìbò wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ibi tí àtàǹpàkò kan ṣoṣo ti tẹ ìwé lọ rẹrẹẹrẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò dá Mímíkò láre lóṣù keje ọdún 2008. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Benin fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2009, wọ́n sì búra fún un ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ kà á fúnra yín. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2007 títí di ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù 21 tí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ní kò wọlé fi ṣe ìjọba lé wa lórí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, lọ́dún 2007, ìka yín jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí olè ti kó ẹrù lọ tán ló tó jẹ́rìí. A wá ń tọ ipasẹ̀ olè nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe ni pé kí ìka jẹ́rìí lẹ́nu ọ̀nà, kí olè tó wọlé.

BÍ Ẹ̀RỌ ṢE DÉ

Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega tó gba àjọ INEC lọ́dún 2010, ìwé ẹlẹ́yà ni ìwé orúkọ olùdìbò wa. Ìròyìn gbé e pé orúkọ Mike Tyson, ọkùnrin tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀. Òkú ń dìbò, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń dìbò. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, wọ́n to orúkọ lọ́tun jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n gba ìka, wọ́n ya àwòrán ojú. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìka rẹ̀ ló ń tú u fó.

Lọ́dún 2015, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ka káàdì wá, èyí tí a pè ní card reader. Lọ́jọ́ ìdìbò Ààrẹ, ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ẹ̀rọ náà kọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ ní Otuoke, ìlú rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn wò, kò gbà. Ìwé ni wọ́n padà fi ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí bí ẹ̀rọ bá kọ Ààrẹ, Ààrẹ á rí ọ̀nà gbà. Bí ó bá kọ ìyá àgbà tó rin máìlì méjì wá láti abúlé, ta ni yóò bá a wá ọ̀nà?

Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe fi ihò kan sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ ìka rẹ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ sínú fọ́ọ̀mù, wàá sì dìbò. Ihò náà ṣe àǹfààní fún ẹni tí ìka rẹ̀ ti jẹ lóòótọ́. Àmọ́ bí ògiri bá ti lanu, aláǹgbá á wọlé. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe màgòmágó, wọ́n á ní ẹ̀rọ kọ gbogbo ìlú. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ́dún 2016, àwọn adájọ́ sọ pé ohun tí ẹ̀rọ kà kò lè borí ìwé orúkọ olùdìbò, torí pé òfin ìgbà náà kò gbé ẹ̀rọ sípò bẹ́ẹ̀.

Ni wọ́n bá di ihò náà. Ẹ̀rọ BVAS dé lọ́dún 2021. Inú ìdìbò kékeré kan ní Isoko, Ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. BVAS ní ọ̀nà méjì. Bí kò bá mọ ìka rẹ, á wo ojú rẹ. Bí kò bá mọ ìka, tí kò mọ ojú, kò sí ìbò fún ẹni náà. Òfin Ìdìbò tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kejì ọdún 2022 sì gbé ẹ̀rọ sínú òfin pátápátá. Ó ní ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò olùdìbò. Ó ní bí ẹ̀rọ bá dẹnu kọlẹ̀ tí wọn kò rí òmíràn gbé wá, kí wọ́n fagi lé ìdìbò ibùdó náà, kí wọ́n tún un dì láàárín wákàtí 24. Ó ní bí ìbò bá ju iye ènìyàn tí wọ́n ṣàyẹ̀wò lọ, kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó náà. Lábẹ́ òfin yìí la dìbò lọ́dún 2023, abẹ́ rẹ̀ náà la sì wà nígbà tí a dìbò gómìnà tiwa lọ́jọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ KÒ LÈ ṢE

Ẹ ti ń rò pé ẹ̀rọ ni mo wá ń yìn, àbí? Ẹ dúró ná.

Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ó ku oṣù kan géérégé kí a dìbò gómìnà. Iná sọ ní ọ́fíìsì INEC, níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ card reader 5,141 ló jóná. Wọ́n kó òmíràn wá láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìdìbò sì wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sí. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbé gbogbo ọkàn wa lé, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di eérú.

Ẹ tún gbọ́ èkejì. Ẹ̀rọ mọ ìka yín, kò mọ ìbò yín. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kí ó sọ pé Bàbá Ṣadé ni Bàbá Ṣadé. Kò mọ ẹgbẹ́ tí Bàbá Ṣadé tẹ̀ka sí, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ìwé la fi ń dìbò, ọwọ́ ènìyàn la fi ń kà á, bíírò la fi ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé èsì tí wọ́n ń pè ní EC8A. Láti ibẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, láti wọ́ọ̀dù dé ìjọba ìbílẹ̀, láti ìjọba ìbílẹ̀ dé Àkúrẹ́. Gbogbo ọ̀nà yẹn, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń rìn ín.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà máa ń ya fọ́tò ìwé EC8A, á fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè wò ó. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023 tí a dìbò Ààrẹ, fọ́tò èsì Ààrẹ kò gòkè lásìkò tí wọ́n ṣèlérí. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìyẹn nìkan kò tó láti da ìdìbò nù. Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ lẹ́rán tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò bá òun ṣọ́ ìbò, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa ní Ọ̀ṣun. Wọ́n dìbò gómìnà lọ́jọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022. INEC kéde Adémọ́lá Adélékè. Gbóyèga Oyètọ́lá lọ sí ilé-ẹjọ́, ó ní ìbò ju ènìyàn lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibùdó. Ìgbìmọ̀ gbọ́ tirẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ní kí Adélékè dìde. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà lóṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú fún Adélékè lọ́jọ́ 9 oṣù karùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ kò kan ẹni tí ẹ fẹ́ràn nínú àwọn méjèèjì. Ìwé tí Oyètọ́lá gbà lọ́wọ́ INEC nípa ohun tí ẹ̀rọ kà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló tíì fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ tán. Ilé-ẹjọ́ wá là á kalẹ̀: ẹni tó bá ní ìbò ju ènìyàn lọ, kó mú ìwé orúkọ olùdìbò wá, kó mú ìwé èsì EC8A wá, kó sì mú ẹ̀rọ BVAS náà gan-an wá. Ẹlẹ́rìí kan kò tó. Àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé ọkàn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú mi ni. Nínú ìdìbò kan tó ti kọjá, èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ wa ní ibùdó kan. Mo dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo dúró nínú oòrùn, mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn jiyàn, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n kà ìbò, mo kọ iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, mo fọwọ́ sí ìwé, mo gba ẹ̀dà tèmi, mo lọ jẹun. Nígbà tó yá, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ pè wá jọ. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Àbúrò, ènìyàn mélòó ni ẹ̀rọ ṣàyẹ̀wò ní ibùdó rẹ?” N kò mọ̀. N kò wo ojú ẹ̀rọ náà rárá. Mo gbà pé ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà ti tó. Agbẹjọ́rò kò bú mi. Ó kàn yí ojú ìwé rẹ̀ sí orúkọ ẹlòmíràn. Títí di òní, bí mo bá rántí bó ṣe yí ìwé yẹn, ara mi máa ń gbọ̀n. Èmi tí mo ní ìwé mẹ́wàá, tí mo mọ̀ ọ́n kọ, tí mo mọ̀ ọ́n kà, mo fi ẹlẹ́rìí yín sílẹ̀ lóun nìkan.

ÌKA TÓ TI JẸ

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ. Ẹ̀rọ fẹ́ràn ìka akọ̀wé ju ìka àgbẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fọ́ kòkó, tó ń di àdá mú láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó ń fi ọwọ́ po sìmẹ́ńtì, ìyá tó ń rẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ń yan gàrí lẹ́bàá iná, ìlà ìka wọn á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ ogbó náà á tún mú un fẹ́lẹ́. Ìyá tó bí mi lọ́mọ lọ sí ilé-ìfowópamọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìka. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọdébìnrin kan níbẹ̀ ní, “Màmá, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín.” Màmá mi ní, “Ọmọ mi, mo ti fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí.”

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín ní ibùdó ìdìbò, ẹ má bínú lọ sílé. Ẹ nu ìka náà gbẹ, ẹ gbìyànjú ìka mìíràn. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí wọ́n wo ojú yín. Ẹ tú gèlè tàbí fìlà tó bo iwájú orí, ẹ bọ́ awò ojú, ẹ dojú kọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe yín. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà láti ṣe nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbi ìdìbò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi owó oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwin pọ̀ nílùú yìí, orúkọ tí kò ní ara, tó ń gba owó lóṣooṣù. Lóṣù kejì ọdún 2016, Kẹ́mi Adéọ̀ṣun tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà kéde pé wọ́n ti yọ orúkọ 23,846 kúrò nínú ìwé owó oṣù ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi BVN yẹ̀ wọ́n wò. Owó tí ìwin ń gbà yẹn, owó ilé-ìwòsàn ni, owó ọ̀nà oko ni. Ẹgbẹ́ wa kò ta ko irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. A fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lé ìwin kò gbọ́dọ̀ sọ alààyè di ìwin. Bàbá tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ níwèé, tó ti fẹ̀yìntì, tí orúnkún ń dùn, kò yẹ kó máa wọ ọkọ̀ kiri láti fi hàn pé òun ò tíì kú. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ní lọ́kàn nìyí: kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ bá arúgbó ní ìlú rẹ̀, kó má jẹ́ arúgbó ni yóò máa wá ẹ̀rọ kiri. Kí ẹni tí ìka rẹ̀ bá jẹ ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n má dá owó ẹnikẹ́ni dúró kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí ìjọba sì sọ fún wa, ní kedere, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìka wa sí àti àwọn tó lè wò ó. Bí káàdì bá sọnù, wàá gba òmíràn. Bí ẹni burúkú bá jí àwòrán ìka rẹ, níbo lo ti fẹ́ ra ìka tuntun?

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀ YÍN SÍ

Nínú ìdìbò gómìnà ọdún 2024, orúkọ 2,053,061 ló wà nínú ìwé olùdìbò ìpínlẹ̀ wa. Ibùdó ìdìbò jẹ́ 3,933, ní wọ́ọ̀dù 203, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ẹ̀rọ dé. Òṣìṣẹ́ dé. Ènìyàn mélòó ló wá? Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Nínú ènìyàn mẹ́rin, ẹni mẹ́ta kò wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ sí Èkó, àwọn kan wà lóko. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n ń wò pọ̀ jù. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣàyẹ̀wò ìka tó wà nílé.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.

Àkọ́kọ́, bí ẹ kò bá tíì ní káàdì PVC, tàbí ó ti bàjẹ́, ẹ lọ tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Èkejì, ẹ má ta káàdì yín, ẹ má fi yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ kò ní gba ìka òun lórí káàdì yín. Kí ló wá fẹ́ fi ṣe? Ó fẹ́ kí ìka yín má jẹ́rìí lọ́jọ́ náà ni. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí ọdún mẹ́rin, ẹ pín in, kò tó owó iyọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá dìbò tán, ẹ má sá lọ. Ẹ jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìjà, láìbú ènìyàn, kí ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé mú bíírò àti ìwé dání. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ kọ: iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS ṣàyẹ̀wò, àti àròpọ̀ gbogbo ìbò tí wọ́n kà. Bí ìkejì bá ju èkíní lọ, èrú ti wọ ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé èsì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀yin aṣojú ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe o.

Ẹ̀karùn-ún, bí nǹkan bá wọ́, ẹ má sun ilé ẹnikẹ́ni. A ti sun ilé lọ́dún 1983, a ṣì ń sunkún àwọn tó kú. Ẹ mú nọ́ńbà yín wá bá wa. Nọ́ńbà méjì tí ọmọ Odòjọmu kọ sẹ́yìn ìwé ilé-ìwé rẹ̀ lè gba ìjọba padà lọ́wọ́ ẹni tó jí i, torí òun ni yóò sọ fún agbẹjọ́rò ibi tó yẹ kó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá.

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ̀yin ará oko àti abúlé, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Wọ́n ti fún wa ní ẹ̀rọ tó lè sọ pé ẹ wá. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì ṣọ́ ọ títí wọn yóò fi kéde rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ mú ìka yín jáde. Ẹ dúró tì í. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ríre o.